Ìyàwó Kékeré Orí Òkè

Ìyá mi ní orogún kan. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá bá mi.

Awọnlẹ̀ ni bàbá mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gun òkè, kó máa sùn nínú àgọ́ fún oṣù kan gbáko. Ìyá mi, aránṣọ, á wà nílé pẹ̀lú èmi àti máṣíìnì rẹ̀. Lẹ́tà ló ń so wọ́n pọ̀.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́tà kan dé. Ìyá mi kà á sókè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná:

"Ìyàwó mi, òtútù orí òkè yìí kì í ṣe kékeré. Àmọ́ fọkàn balẹ̀, mo ti ní ìyàwó kékeré. Bí mo bá ti fẹ́ sùn, á wọnú kúbùsù bá mi, ara mi á sì móoru. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó tọ̀ sórí ẹní lánàá."

Ìyá mi ká lẹ́tà náà. Ó tún tú u. "Ó tọ̀ sórí ẹní? Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá ẹ lọ fẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, etí mi ò tíì gbàgbé. Òrìṣà jẹ́ kí n pé méjì obìnrin kò dénú. Ìyá mi kó aṣọ rẹ̀ àti tèmi sínú àpótí méjì, ó gbé wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun ò ní sá lọ. Ìṣojú bàbá mi la ti máa lọ sílé àwọn òbí òun. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo fẹ́ràn bàbá mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ló dé, ẹrẹ̀ ní bàtà, ẹ̀rín lẹ́nu. Ìyá mi ò kí i káàbọ̀.

"Ìyàwó yín dà?"

"Ó wà nínú báàgì."

"Nínú kí ni?"

Bàbá mi yọ àpò rọ́bà pupa kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí, tí wọ́n á dé lẹ́nu pinpin, tí wọ́n á gbé sẹ́sẹ̀ sùn. Àwọn ará àgọ́ ló sọ ọ́ ní Ìyàwó Kékeré. Bàbá mi ni kò dé e dáadáa tó fi tọ̀.

Ìyá mi fìdí jálẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí àwọn àpótí ni. Ẹ̀rín kúrò lójú tiẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ lọ lóòótọ́?"

"Mo ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá mi fi àjákù búláòsì rẹ̀ rán aṣọ fún rọ́bà náà, ó ní orogún òun ò gbọdọ̀ rìn níhòòhò. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń dì í sínú báàgì: "Ìyàwó, tọ́jú ọkọ wa o." Ó ń wù mí kí n tún gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá mi ti kú, ó pé ọdún mẹ́ta. Mo ra kúbùsù oníná fún ìyá mi. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tó bá wá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá a níbi tó ti ń sá aṣọ ibùsùn tó rin gbindin. Mo mú rọ́bà náà tó ṣì ń gbé sùn: ó ti gbó, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n dà á nù. Ó tún ti tọ̀."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Kò tọ̀," ó ní. "Ó ń sunkún ọkọ wa ni."