Ọ̀rá Ara Ínfátà Tíṣà Adéòjó

Bí ẹ bá wọ ilé Tíṣà Ìbráhìm Adéòjó n'Íjẹ̀dẹ́, ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹrù wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára àga, ó wà lára bẹ́ẹ̀dì, kódà rìmóòtù tẹlifíṣàn kò tíì bọ́ tirẹ̀. Ará Ìkìrun ni Tíṣà, ilé ló háyà, ṣùgbọ́n àlejò kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé kó rò pé ẹrù àlòkù ló rà.

Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú. Tó bá ti dórí ọ̀rọ̀ ooru, ẹnu rẹ̀ á dùn bí iyọ̀. "Bí nǹkan bá ti ń gbóná, àwọn horo kéékèèké inú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Wáyà tó gbóná kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ẹ̀rọ tí kò bá rí atẹ́gùn, á pa ara rẹ̀ kó má baà jóná." Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀. Tíṣà á gbé báàgì, á fi físíìsì sílẹ̀ níbẹ̀, á máa lọ sílé.

Nígbà tó ra ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná fún ilé bí NEPA bá mú iná lọ, kò bọ́ ọ̀rá rẹ̀. Ó tún fi léèsì bò ó, ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kí àlejò lè máa rí i. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, ínfátà á ké pìì-pìì, á kú. Bí ilẹ̀ bá tutù, á jí. Tíṣà ní ojú Kabir, ará ilé kejì, ló ń bà á jẹ́. Kò kí Kabir mọ́.

Waliyah ìyàwó rẹ̀ kò bá ọ̀rá jà, àfi ọjọ́ tí Ìbídùnní, tó ń se oúnjẹ òde ní Ìkòròdú, ní kó bá òun wá ẹja ọ̀bọ̀kún tútù fún nikah, ìgbéyàwó kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Sátidé. Bí èyí bá dára, ọ̀dọ̀ Waliyah ni yóò ti máa rà á títí. Waliyah jí lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó fara balẹ̀ ṣa ẹja, ó kó o sí fírísà tí ínfátà ń gbé, ó wá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé:

"Bàbá Rodiat, ẹ jọ̀ọ́, mò ń lọ kí Jímọ̀. NEPA ò tíì mú iná wá, ínfátà yìí ò gbọ́dọ̀ kú lónìí. Ẹ jẹ́ ká ṣí gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi bò ó."

"Kí eruku wọ̀ ọ́? Fọkàn balẹ̀, màá ṣètò ẹ̀."

Ètò tó ṣe ni pé ó ti kọ́bọ́ọ̀dù pa, ó sì ta kọ́tìnì nípọnnípọn bo gíláàsì rẹ̀, kí ojú Kabir má baà ríbi wọlé.

Nígbà tí Waliyah padà dé ní ìrọ̀lẹ́, òórùn ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹja kò tíì dì rárá kí ínfátà tó kú. Ó fa kọ́tìnì, ó fa léèsì, ó fọwọ́ kan ínfátà, ó yára yọwọ́. Ó gbóná bí ìkòkò orí iná. Ló bá fa ọ̀rá ya. Kò pẹ́ tí ara ínfátà tutù, ó ké pìì, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

"O ti fà á ya," Tíṣà ní, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

Waliyah tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ó kó ọ̀bọ̀kún sínú rẹ̀, ó dì í. "Ẹ bá mi lọ dà á nù, Tíṣà físíìsì."

Ọ̀rá ń dán gbinrin lọ́wọ́ Tíṣà, omi ẹja ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Kabir jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ṣé kò sí?"

Tíṣà gbé ọ̀rá ẹja sílẹ̀, ó sì kí i padà.