Gàníyù Kì í Dúpẹ́ Lásán

Ọjọ́ tí Gàníyù Káfíńtà fi ẹ̀wà orí iná gba nọ́ọ̀sì wa sílẹ̀ ni Ìkòtún fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Ọdún 1975 ni. Owó epo rọ̀bì ti dé, wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì kejì, Morónkẹ́, kún ilé ìtọ́jú kékeré wa. Gàníyù náà gbẹ́ pátákó kéékèèké, ó kọ nọ́ńbà sí wọn, kí kálukú lè máa wọlé bó ṣe kàn án, ká yé ti ara wa lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ni Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀, aṣojú ìjọba, bá dé láti yẹ ètò tuntun yìí wò. Bí kò bá wúlò, wọn yóò gbé Morónkẹ́ lọ síbòmíràn.

Ó kọjú sí àwọn aláìsàn lórí bẹ́ǹṣì. "Báwo ni ìtọ́jú ibí?"

"A dúpẹ́, sà."

"Kí nọ́ńbà àti nọ́ọ̀sì yìí tó dé ńkọ́?"

"A dúpẹ́ náà, sà."

Ó fa bírò yọ. "Tẹ́lẹ̀, a dúpẹ́. Nísinsìnyí, a dúpẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Gàníyù wà lórí bẹ́ǹṣì. Kí i pé ṣé dáadáa ló jí, á ní, "Rárá o, orúnkún òsì ń dùn mí."

Ó fò dìde. "Ọ̀gá, ẹ dá bírò yẹn dúró jàre! Èèyàn ibí á dúpẹ́ bí òrùlé bá wó lé e lórí. Ohun tí wọ́n ń gbé bọ̀ láti ilé ni kí ẹ béèrè! Sístà Esther, kí lẹ máa ń gbé wá tẹ́lẹ̀?"

Sístà Esther, Aládùúrà aláṣọ funfun, dáhùn: "Tẹ́lẹ̀? Ẹ̀kọ àárọ̀, ẹ̀bà ọ̀sán, àti ẹní."

"Òní ńkọ́?"

"Mo gbé ẹ̀wà kaná kí n tó jáde. Ọ̀gá, ẹ má dá mi dúró ṣá, kó má baà jóná!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ pa èyí tó kọ́kọ́ kọ rẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Morónkẹ́ kò lọ mọ́, ọkàn wa sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Síbẹ̀, Gàníyù kì í gbà fún un wẹ́rẹ́. Nígbà tí ibà dá a wó, Morónkẹ́ ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni.

"Ẹyọ kan ni n ó gbà."

"Bàbá, a kì í ná abẹ́rẹ́."

"Ó dáa, ẹ gba méjì."

Mẹ́ta náà ló gbà. Bó ṣe ń jáde, ó ní dandan ni kí wọ́n fi hóró oògùn kan ṣe ènì.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Gàníyù máa kú, wọ́n fà á wá. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló bọ́ sí i lọ́wọ́. A ní kó máa kọjá síwájú, ó kọ̀ jálẹ̀: "Ta ló gbẹ́ ẹ? Àbí ẹ fẹ́ kí n ba iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ ni?" Ó jókòó títí ó fi kàn án.

Nígbà tí Morónkẹ́ tọ́jú rẹ̀ tán, ó fi ẹ̀fẹ̀ bi í: "Bàbá, báwo ni ìtọ́jú ibí?"

Gàníyù rò ó dáadáa.

"A dúpẹ́," ló wí.

Morónkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló sun.