Ìyá Fáìlì àti Ọmọ Mẹ́sàn-án

Mo ti kàwé díẹ̀ rí ní Yaba, kí n tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ló fi mí sílẹ̀. Wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ògiri, mo wá tèmi títí, mo tiẹ̀ ṣí pépà yẹn wo ẹ̀yìn ẹ̀.

Bàbá mi ò pariwo. Wọ́n kàn ní àwọn ní ọ̀rẹ́ kan tó ń fi òòlù na ara mọ́tò ní Mushin, pé ó ń wá ọmọṣẹ́. Èmi tí mi ò lè gbé korobá omi kan dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsinmi lẹ́ẹ̀mejì! Mo sáré lọ bẹ Àǹtí kan ládùúgbò wa ní Ìpọ̀nrí, tó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Bàbá mi ní, "Kò burú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá lé ẹ níbẹ̀, Mushin yá."

Ìdí fótókọ́pì ni mo kọ́kọ́ wà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi léèsì funfun bò ó bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ṣègbéyàwó lọ, Àǹtí gbé mi jókòó síbẹ̀.

Ìwé ètò ìsìnkú ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Àǹtí ní fáìlì kan nínú dísíkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé gbogbo ètò ti wà nínú ẹ̀: ìlà etí ìwé, ààyè fọ́tò, ààyè orin, ààyè orúkọ àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ lófìfo. Témpléètì ni ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá pè é. Ìyá fáìlì ni Àǹtí ń pè é.

"Ìyá kì í kúrò nílé," Àǹtí sọ fún mi. "Tó o bá ti ṣí i, fún un lórúkọ mìíràn kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọmọ ẹ̀ ni kó o máa tẹ nǹkan sí. Ṣó yé ẹ?"

"Ó yé mi, mà."

Kò yé mi. Mo tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ bàbá àgbà kan sórí ìyá fúnra ẹ̀, mo sì fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oníbàárà míì dé, tí mo ṣí ìyá fáìlì, bàbá ló yọ sí wa, tòun ti orin àti ọmọ-ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é. Àǹtí ní, "Ìwọ lo máa kó gbogbo òkú Sùúrùlérè sójú kan."

Nígbà tó wá yé mi, ìgbéraga dé. Mo ṣe ìyá fáìlì tèmi. Mo fi òdòdó ká etí ìwé, mo wá lẹ́tà tó lọ́ mọ́ra tó nírù. Tí mo bá yí àkọlé kan padà báyìí, gbogbo àkọlé inú ìwé á yí tẹ̀lé e. Mò ń rìn bíi pé èmi ni mo ṣe kọ̀ǹpútà.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan wá. Ìyá wọn ló kú, ọmọ mẹ́sàn-án ni wọ́n, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ó gbé ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ wá. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ àwọn ọmọ, mo rí i pé ó rí játijàti. Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Y ló ṣáájú, A ló kẹ́yìn. Mo ní àwọn èèyàn yìí ò kàwé tó mi. Ibì kan wà nínú kọ̀ǹpútà téèyàn á tẹ̀, tí á sì to orúkọ ní a-b-d. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tò bíi sójà.

Àǹtí ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí obìnrin yẹn wá gba ẹ̀dà kan tí ẹbí máa yẹ̀ wò, fọ́tò ìyá ẹ̀ nìkan ló wò, ó nu ojú, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà ló ṣáájú, irùngbọ̀n ẹ̀ funfun báláú. Ó la ìwé náà mọ́ tábìlì.

"Ta ló sọ mí di àbígbẹ̀yìn?"

Nọ́ńbà kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n àgbà wà. Obìnrin yẹn ni nọ́ńbà kìíní.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní, "Kọ́kọ́rọ́ yàrá Màámi ńkọ́, ta ló mú un? Ó fẹ́ gba ilé ni! Ó ti ń to ara ẹ̀ síwájú!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo fi Màámi búra, bí ẹ ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe gbé e wá!" Àbígbẹ̀yìn ti ń sunkún.

Àǹtí wò mí. Mo wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá dákẹ́, á lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gbé e lé obìnrin náà lórí, èmi á sì máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, òòlù ń dúró dè mí ní Mushin. Ẹnu mi ò dúró gbọ́ tèmi.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Kí ló fún ẹ?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan, sà. A-b-d ni mo fi tò ó. Bíi ti rẹ́jísítà ilé-ìwé."

Ẹ̀gbọ́n àgbà ní, "Nílé yín, ṣé a-b-d lẹ fi ń mú ẹran? Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A ló ń kọ́kọ́ mú?"

"Rárá, sà. Èmi ni mo máa ń mú kẹ́yìn."

"Ilé-ìwé wo lo ń lọ?"

"Wọ́n ti ní kí n máa lọ, sà."

"Wọn ò jẹ̀bi."

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àbígbẹ̀yìn tó ṣì ń nu imú.

"Ìwọ, kí lò ń dúró wò? Kì í ṣe ìwọ lo kéré jù níbí ni? Lọ ra mínírà wá fún wa. Kó tutù o!"

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin! Ó tún gèlè so, ó sì sáré jáde bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lọ.

Mo dìde kí n bá a gbé ìgò, kí n sì bá ibẹ̀ gba ilé lọ kí wọ́n tó lé mi.

Àǹtí ní, "Níbo lò ń lọ? Jókòó. Ta ló máa tún un tẹ̀?"