Irin Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Tó Sọ Bàbá Mi Di Òjòwú

Òórùn gírísì ló máa ń jí mi nígbà ọyẹ́ ní Bantè, kì í ṣe àkùkọ. Àkùkọ ilé wa ti yadi. Mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé èéfín ọkọ̀ bàbá mi ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì gbà mí gbọ́ títí wọ́n fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní àárọ̀ kan, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá bàbá mi lórí ẹní. Ó ti kírun tán. Ó gbé irin gbọọrọ kan lé itan bí ẹni gbé ìkókó, ó ń fi àkísà pa á ní gírísì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń yí i, ó tún ń pa á. Mo dúró níwájú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi funfun bí èlùbọ́, ọyẹ́ ti la gìgísẹ̀ mi débi pé aláǹgbá lè sùn níbẹ̀. Kò wò mí. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jowú irin.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà nígbà ọkọ̀ bàṣé, ẹ mọ irú ọkọ̀ tí mò ń wí: iwájú rẹ̀ jọ ti ọlọ́lá, ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ti alágbàáru, wọ́n sì fi tapólì bò ó. Aránṣọ ni bàbá mi. Kì í kó èrò, kò sì kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ títúnṣe. Ó kàn fẹ́ràn ọkọ̀ ni. Ó rán aṣọ sí ìjókòó rẹ̀, ó sì fi òwú aláwọ̀ ewé ṣe iṣẹ́ ọnà sí i létí. Bí a bá lọ kó iṣu ní Lougba, orí la fi ń rù ú bọ̀, kí erùpẹ̀ má baà kó sínú ọkọ̀. Bàbá mi á sì máa fi ọkọ̀ òfìfo tẹ̀ lé wa lẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́, á máa kí wa kú iṣẹ́.

Àwọn méjì mìíràn ló ní irú àìsàn yẹn. Ọ̀kan ni Bàbá Ṣakí, tó wá láti Nàìjíríà, tó ń ta ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà Bantè níhìn-ín. Èkejì ni Dàá Kòsí, ọmọ ẹ̀yà Mahi tó ní oko kájú ní Savalou. Dàá ni wọ́n fi ń pe àgbà lọ́dọ̀ tiwọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní bàṣé tirẹ̀. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á ṣí ìdérí ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ wáàsí.

Nígbà tí àwọn tó ń la ọ̀nà ọ̀dà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, àwọn mẹ́ta yìí pawọ́ pọ̀ ra irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan lọ́wọ́ wọn. Irin yìí la fi ń fa irin ìdí táyà yọ nígbà tí a bá fẹ́ tún búrékì ṣe. Ẹni tí kò ní in, òòlù ni yóò fi máa lu ọkọ̀ títí òun àti ọkọ̀ yóò fi di ọ̀tá. Láti Bantè dé Savalou, kò sí irú rẹ̀. Bàbá mi ní kò sí irú rẹ̀ dé Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì dé Mẹ́kà rí.

Wàhálà wá dé: ilé ta ni irin yóò máa sùn? Kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì. Wọ́n jà á ní ìgboro, wọ́n jà á ní ìta mọ́sálásí, wọ́n jà á dé iwájú ilé wa. Ìyá bàbá mi tó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ ló dá ẹjọ́ náà. Ó ní, "Bí obìnrin mẹ́ta bá ní ọkọ kan, wọn ò lè gé e. Irin kì í ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ tú u."

Wọ́n tú u. Bàbá Ṣakí gba Orí. Dàá Kòsí gba Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bàbá mi gba Ọ̀pá, irin gbọọrọ tí a ń yí kí ó tó lè fa nǹkan. Wọ́n fi ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá ìpín ẹlòmíì kún tirẹ̀. Ọkọ̀ ẹni yòówù kó bà jẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ pàdé kí táyà tó tú.

Bí Ọ̀pá ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Orí ibùsùn ló ń sùn, nínú aṣọ àrán. Ìyá mi ní òun ti rí orogún tó ń sọ̀rọ̀, òun sì ti rí èyí tó ń jà, ṣùgbọ́n èyí tó dákẹ́ tó tún ń dán ni òun ò rí rí. Èmi náà rí i pé ó ń gba gírísì lọ́jọ́ Jímọ̀ kí n tó gba òrí sí ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n owú tèmi, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Bí Dàá bá ránṣẹ́ pé ọkọ̀ òun dùbúlẹ̀, bàbá mi á kọ́kọ́ rán aṣọ oníbàárà kan tán, á fọ agbádá, á dúró kí ó gbẹ, ó fẹ́ kí wọ́n bẹ òun. Bó bá débẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan Ọ̀pá. Òun nìkan ni yóò yí i, yóò máa wo ojú wọn bóyá wọ́n mọ iyì òun. Nígbà tí irin bá já, ariwo rẹ̀ a máa mú kí ẹtù tó wà ní oko yé ẹyin láìtọ́jọ́. Mo ti jẹ nínú ẹyin náà. Ìyá mi a máa sọ fún un pé, "Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, Bàbá Rámá." Rámátù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá mi á wo àyà ara rẹ̀, á ní ẹran wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ìyàwó àgbẹ̀ kan láti Djaloukou, tó gba ọjà Savalou kọjá, wá gba bùbá rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Obìnrin náà kò ní ibi nínú. Ó ní, "Mo rí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín Bàbá Ṣakí ní ilé Dàá. Wọ́n ti tú táyà rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Ẹsẹ̀ bàbá mi dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abẹ́rẹ́ há sínú aṣọ.

"Rẹ́rìn-ín kẹ̀?"

Ẹ̀rín náà ló dùn ún ju táyà lọ. Kò jẹun. Ó gbé Ọ̀pá nínú aṣọ àrán rẹ̀, ó ní, "Lásísì, wọ ọkọ̀." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó níwájú. Inú mi ìbá dùn, ṣùgbọ́n Ọ̀pá ló jókòó láàárín wa, òun ló sì sún mọ́ bàbá mi.

Kí a tó wọ Savalou, ó pa ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, kí ohùn rẹ̀ má baà tú wa fó. A fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn ògiri Dàá, ó ní kí n lọ yọjú wò.

Mo yọjú. Ọ̀pá tuntun kan wà lọ́wọ́ Bàbá Ṣakí, èyí tó rà ní Nàìjíríà. Ó gùn ju tiwa lọ, ó sì ń tàn débi pé mo rí ojú ara mi nínú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ti fi Orí àti Ẹsẹ̀ wọn sí i. Ìka méjì ni Bàbá Ṣakí fi ń yí i. Irin ìdí táyà yọ pọ́ọ̀, bí ìdérí ìgò. Ẹtù kankan kò gbọ́.

Inú mi dùn gan-an. Orogún ti wọlé bá Ọ̀pá. Mo sáré padà láti lọ ròyìn.

Bàbá mi dúró síbi tí mo fi í sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹrù aláṣọ àrán náà mọ́ àyà. Ọkùnrin tí kì í bi mí léèrè ohunkóhun, ó fi ohùn kékeré bi mí pé, "Kí lo rí?"

Ẹnu mi dáhùn kí n tó rò ó. "Wọn ò rí i fà, Bàbá. Èyí tí wọ́n fi dípò ti ṣẹ́. Bàbá Ṣakí ń làágùn. Dàá ń sunkún."

"Dàá ń sunkún?"

"Díẹ̀."

Ọrùn bàbá mi gùn sí i lójú mi. Ó ní kí n lọ sọ fún wọn pé òun ń bọ̀.

Mo sáré wọlé, mo dọ̀bálẹ̀. "Bàbá mi ń bọ̀, ó gbé Ọ̀pá dání. Mo ti sọ fún un pé ẹ ò rí i fà."

Bàbá Ṣakí ní, "Ta ló ní kí o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni."

Dàá wò mí. "Ṣé inú ń bí i?"

"Rárá, Dàá. Ó jọ pé ó fẹ́ sunkún."

Dàá gbé irin ìdí táyà náà, ó dá a padà sáyè rẹ̀, ó fi pákó tì í lẹ́yìn, ó lù ú wọlé. Bàbá Ṣakí ń wá ibi tí yóò fi ọ̀pá tuntun pamọ́ sí. Kò rí i. Ó jókòó lé e, ó sì tẹ́ agbádá lé orí rẹ̀.

Bàbá mi wọlé bí ẹni ń kọjá lọ.

"Kúàbọ̀," Dàá kí i káàbọ̀ ní èdè Mahi, ó wá bọ́ sí tiwa. "Láti àárọ̀ la ti ń retí rẹ."

"Èmi ò mọ̀ pé ẹ ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà mi ló gba ibí."

"Pẹ̀lú Ọ̀pá?"

"Ó ní òun fẹ́ gba afẹ́fẹ́."

Bàbá mi fi Ọ̀pá sínú Orí, ó yí i. Irin tí òòlù ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wọlé kò le rárá, ṣùgbọ́n bàbá mi kérora bí ẹni ń hú ìrókò. Wọ́n kí i kú agbára. Bàbá Ṣakí kò dìde, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀pà wá, ó jókòó lórí irin jẹ ẹ́ tán. Wọ́n bú ara wọn, wọ́n bú ọkọ̀ ara wọn, títí oòrùn fi wọ̀.

Nígbà tí à ń padà, bàbá mi wa ọkọ̀ títí ìlú fi kù lẹ́yìn. Ó wá ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ tíì kúrò ní Savalou."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka igi ẹ̀bá ọ̀nà.

"Irin ìdí táyà kì í yọ bí eyín ọmọdé. Bàbá Ṣakí náà kì í jókòó kí àgbà."

Mo ń retí ìfọ́tí. Kò wá. Ó yí ìdarí ọkọ̀ yẹra fún kòtò kan. "Bó o bá tún ń ṣe é, má fi ẹkún Dàá sí i. Dàá kì í sunkún. Díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè é, a máa fi aṣọ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ kó lọ. Wọn ò dárúkọ ọ̀pá tuntun náà rí. Mo rí i lẹ́yìn náà ní ilé Bàbá Ṣakí, ìyàwó rẹ̀ fi ń ti fèrèsé. Síbẹ̀, títí wọ́n fi kú, tiwa ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí.

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ òde òní tó fẹ́ràn ọkọ̀ wà ní Bantè. Wọ́n ní àpótí kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Wọ́n jọ ni ín. Òní ó wà ní Atokoligbé, ọ̀la ó wà ní Savalou, tẹlifóònù ni wọ́n fi ń wá a kiri. Mo máa ń lọ bá wọn lábẹ́ igi wọn. Mo máa ń sọ pé mo mọ àìsàn ọkọ̀ náà láti inú ohùn rẹ̀. Wọ́n á kí mi dáadáa, wọ́n á gbé àga fún mi. Àga yẹn ló ń bí mi nínú. Ẹni tí a bá fún ní àga, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ yí àpótí náà ká tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń rìn lọ sílé láìdágbére.

Ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà náà kò tíì mọ ìwé kà, mi ò sì kà á púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ irọ́ tó yẹ òjòwú tó dúró lẹ́yìn ògiri. Èmi àgbà yìí, irọ́ tí mo ti pa pọ̀ ju irun orí mi lọ, mi ò tíì rí ẹyọ kan tí mo lè pa fún ara mi.