Ìyá Ọkọ Mi Wọ Ilé Ìwé ní Turin

Nígbà tí ọkọ mi sọ pé òun fẹ́ mú ìyá òun wá sí Turin, èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ kẹta ni, magazzino, ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń di ẹrù sínú páálí, sì ti ń pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rò ó pé bí Màmá bá dé, wọn á máa pọn ọmọ, wọn á máa se ọbẹ̀, ọkàn tèmi á sì balẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé Màmá lè wọ ilé ìwé.

Nígbà tí Màmá dé, ìjọba ló ní kí wọ́n lọ. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè díẹ̀ nítorí ìwé ìgbélùú rẹ̀, ilé ìwé ìjọba tó wà fún àwọn àgbà kò sì jìnnà sí wa ní àdúgbò Barriera di Milano, wọ́n sì ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ ọwọ́ níbẹ̀. Màmá ò fẹ́. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni wọ́n ṣe nílé, ìwé mẹ́fà péré ni wọ́n kà kí bàbá wọn tó ní ó tó gẹ́ẹ́. "Ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni," wọ́n sọ fún ọkọ mi. "Orí tèmi ti le." Ó rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo bá wọn wá bírò sínú báàgì, mo sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Ó yẹ kí n sọ irú Italian tí èmi gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ṣùgbọ́n inú magazzino ni mo ti kọ́ èdè wọn: gbé e síbí, yára, kì í ṣe ìyẹn, ó ti tán. Bí ọ̀gá bá ń pariwo, mo mọ ohun tó ń fẹ́. Bí ẹnìkan bá wá jókòó tó ń bá mi sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ ní jẹ́jẹ́, orí ni mo máa ń mì. Àwọn ọmọ mi, ibí la bí wọn sí. Mo ń bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n ń fi Italian dá mi lóhùn, báyìí la ṣe ń bá a bọ̀. Àkọ́bí mi obìnrin, tó ti bọ́ sí sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, kì í bá mi sọ̀rọ̀ gùn. Mo ti gbà pé bí àwọn ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì gbọ́ ẹ̀rín láti orí àtẹ̀gùn. Màmá àti àkọ́bí mi ló jókòó ní tábìlì ilé ìdáná, wọ́n tẹ́ ìwé síwájú. Ọmọ ń kà á, Màmá ń wí tẹ̀ lé e, ọmọ a na ìka sókè bí olùkọ́, àwọn méjèèjì á tún bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń rín?" mo bi wọ́n.

Ọmọ mi gbójú sókè. "Niente, mamma."

Kò sí nǹkan kan, ó ní. Mo bọ́ bàtà mi, mo bu oúnjẹ, n kò mọ bó ṣe dùn sí lẹ́nu. Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé, ìyá ọkọ mi ti wá di ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín ìgbà òtútù kan ṣoṣo.

Ilé ìwé náà kò sì mọ sórí èdè nìkan. Wọ́n kó wọn lọ sí ilé ìkàwé ìlú, Màmá gba káàdì bọ̀. Wọ́n mú wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọjọ́ láti rí dókítà, láti ìgbà náà Màmá ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra wọn. Wọ́n ní kíláàsì ìránṣọ, níbi tí Màmá ti ń kọ́ àwọn ará Morocco àti Peru bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ láìfi bébà wọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń kí wọn lójú pópó, wọ́n ń dì mọ́ wọn. Èmi tí mo ti ń gba òpópónà yẹn kọjá láti ọdún gbọ́ọrọ, ta ló ń kí mi?

"Ìyàwó mi," Màmá wí fún mi nígbà tí mo ń jẹun lọ́wọ́, "ṣé o mọ̀ pé Turin yìí ti ṣe olú ìlú Italy rí, kí Róòmù tó gbà á?"

N kò mọ̀. Mo ní mo mọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ṣòkòtò iṣẹ́ mi ti ń jábọ́ nídìí mi.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ti ìpàdé òbí. Èmi wà níbi iṣẹ́, ọkọ mi wà ní Alessandria níbi tó ti ń wa ọkọ̀ ẹrù, Màmá ló tẹ̀ lé ọmọ lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ń dúró dè mí.

"Wọ́n ní ọmọ yìí mọ̀wé gan-an o! Olùkọ́ rẹ̀ ní tó bá di sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, liceo ni kí ẹ fi í sí, kó lè lọ sí yunifásítì. Ó ní kó má fi ọgbọ́n orí rẹ̀ ṣòfò."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ma." Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀, mo sunkún. Ọ̀rọ̀ ayé ọmọ mi, ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Mo sì rántí gbogbo ìpàdé tí èmi ti lọ, tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, tí mo ń mi orí. Bóyá wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi látẹ̀yìnwá.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un pé, "Ìyá ẹ ti gba ọmọ mi lọ́wọ́ mi."

Ó wò mí. "Àbí o ń jowú Mummy ni?"

"Jowú kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ jowú sí?"

Nígbà tí kíláàsì parí fún ọdún náà, ilé ìwé ṣe àríyá ránpẹ́, wọ́n ní kí kálukú mú oúnjẹ ilé rẹ̀ wá. Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ. Màmá dìde láàárín gbogbo èèyàn, wọ́n fi Italian sọ bí wọ́n ṣe kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ ìyá tiwọn. Ọ̀rọ̀ wọn rọrùn, kò yára, ṣùgbọ́n kò dúró. Àwọn ọmọ mi ń pàtẹ́wọ́ títí. Olùkọ́ Màmá, obìnrin onígíláàsì kan, wá bá mi, ó bi mí pé ó tó ọdún mélòó tí mo ti dé Italy. Kí n tó lanu, Màmá ti bá mi dáhùn.

A jáde níbẹ̀, a ń lọ sílé. Àwọn ọmọ ti sáré ṣáájú. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa bá mi dáhùn mọ́. Mo lẹ́nu."

Màmá dúró lójú ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n máa bínú, mo ti ń wá bí mo ṣe máa kúnlẹ̀.

"O lẹ́nu lóòótọ́," wọ́n ní. "Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." A rìn díẹ̀. "Ṣé o rò pé ti Italian yẹn ló ń gbé mi lọ síbẹ̀? Nínú ilé yín, Màmá ni mò ń jẹ́. Lẹ́nu àwọn ọmọ, nonna, ìyá àgbà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá bùrọ́dà. Láàárọ̀, olùkọ́ yẹn á ṣí ìwé, á pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn."

Owú náà kò lọ, kí n má parọ́. Ó kàn di pé n kò lè kórìíra wọn mọ́ tọkàntọkàn.

Kí òtútù tó tún bẹ̀rẹ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ ní ìlú Udine, Màmá sì lọ bá wọn tọ́mọ. Wọn ò tíì tú ẹrù wọn tán tí wọ́n fi béèrè ibi tí ilé ìwé ìjọba wà níbẹ̀. Èmi náà gba turno ọ̀sán níbi iṣẹ́ kí àárọ̀ mi lè ṣófo, mo sì lọ forúkọ sílẹ̀ nínú èyí tiwa. Olùkọ́ onígíláàsì ló dán mi wò. Ẹnu mi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi kò gbé e. Ó fi mí sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Obìnrin ará Morocco kan tó jókòó tì mí béèrè bóyá ọmọ Màmá ni mí.

"Ìyàwó wọn ni mí," mo ní.

Àkọ́bí mi ti wọ liceo báyìí. Kì í bá mi jókòó ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, bẹ́ẹ̀ ni n kò bẹ̀ ẹ́. Màmá ló ṣì máa ń pè sórí fóònù. Lọ́jọ́ kan mo ń bó ẹ̀wà nílé ìdáná, mo gbọ́ ohùn Màmá láti Udine: "Ieri ho andata al mercato." Wọ́n lọ sọ́jà lánàá. Ọmọ mi jẹ́ kí àṣìṣe náà kọjá. Tèmi kì í kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé sono andata ló yẹ kí wọ́n wí. Mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́ fún ara mi, lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ń bó ẹ̀wà mi lọ.