Mo Gbọ́ Kì Í Ṣe Mo Gbà

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìgbìmọ̀ wa máa ń jókòó, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé yunifásítì, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Iṣẹ́ wa kò ṣòro láti ṣàlàyé: kò sí olùkọ́ tó gbọdọ̀ lọ gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn fún ìwádìí, tàbí kó máa bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, àfi bí a bá ti ka ètò iṣẹ́ náà tí a sì fọwọ́ sí i. Ẹni méje ni wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ kẹ́míkà ni alága. Dókítà kan wà níbẹ̀, lọ́yà kan, mátírọ́ọ̀nù kan tó ti fẹ̀yìn tì, àlùfáà ìjọ kan àti àáfà kan. Èmi ni ìkeje. Òfin ní kí ẹnì kan wà tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, tí yóò máa fi ojú ará ìlú wo ọ̀rọ̀. Wọ́n wá ará ìlú títí, oníròyìn ni wọ́n rí.

Olóòtú ìwé ìròyìn wa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tó gbọ́. Ó ní, "Ìwọ tí ìbéèrè rẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi, ìwọ ni wọ́n ní kó o máa gba ènìyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbèéèrè." N kò lè bá a jiyàn.

Akọ̀wé máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wa nílé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìjókòó. Alága á yan ẹni méjì láti ka ìwé kọ̀ọ̀kan fínnífínní, àwọn tó kù á kà á bí agbára wọn bá ṣe mọ. Lọ́jọ́ ìjókòó, àwọn méjèèjì á sọ ohun tí wọ́n rí, a ó bi olùwádìí ní ìbéèrè, a ó ní kó bọ́ síta, a ó wá pinnu: kó máa lọ, kó lọ tún un ṣe, tàbí kó má lọ rárá. Bí ẹnì kan nínú wa bá bá olùwádìí tan, òun náà á bọ́ síta. Bí a kò bá pé márùn-ún, a ò gbọdọ̀ pinnu ohunkóhun. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, gbólóhùn tí mo sọ jù ni "Mo fara mọ́ ọn."

Ìgbà náà ni ìwé nípa ìlú Ibefun dé.

Ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan ló kọ ọ́. Ó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọn abiyamọ ìlú náà, kó lè mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi í tó lẹ́yìn ìbímọ. Iṣẹ́ gidi ni. Ó ń kánjú, nítorí ó yá ẹ̀rọ tó fẹ́ fi yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò ni, àwọn tó ni ín yóò sì gbà á padà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ó ti lọ bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀ kó tó kọ̀wé sí wa. Ó so orúkọ wọn mọ́ ìwé rẹ̀, wọ́n tó ogójì, ìtẹ̀ka wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ ọ́ sókè pé gbogbo wọn ti gbà.

Apá tó kọ ní Yorùbá ni alága fún mi láti kà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n tẹ̀ka sí, ni: "Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi." Mo wá "mo gbà" nínú ìwé náà títí, n kò rí i.

Bí ọ̀rọ̀ bá rú oníròyìn lójú, ẹsẹ̀ ló fi ń wádìí rẹ̀. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ alága. Ó ní kí n lọ, ṣùgbọ́n kí n má dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ibefun.

Ìyá aránṣọ kan ló ni orúkọ àkọ́kọ́. Mo bá a nídìí máṣíìnì níwájú ilé rẹ̀, obìnrin méjì tó ń dúró de aṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo kí wọn, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì béèrè bóyá wọ́n rántí olùkọ́ tó wá.

"Ọmọ dáadáa ni," ìyá aránṣọ dáhùn. "Ó kúnlẹ̀ kí wa. Bí ẹni ń ka ìwé ló ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ gbà fún un?"

Ó dá máṣíìnì dúró. "Gba kí ni?"

"Kó gba ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ta ló ní mo gbà?"

Mo fọwọ́ bo orúkọ àwọn tó kù, mo fi ìtẹ̀ka tirẹ̀ hàn án. Ó wò ó dáadáa. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ṣé a gbọ́, a ní a gbọ́. Ó ní ká tẹ̀ka, a tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo gbọ́, bàbá. Mi ò sọ pé mo gbà."

"Àlejò kúnlẹ̀ fún wa," ọ̀kan lára àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dá sí i. "Ṣé ká wá sọ fún un lójú ẹ̀ pé a ò ṣe ni? Tó bá padà dé, oko ni yóò gbọ́ pé mo wà."

"Oko ta ni?" ìyá aránṣọ bi í. "Ìwọ tí o ò ní ju ìkòkò ewébẹ̀ kan."

"Màá yá oko lọ́jọ́ náà."

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni olùkọ́ yẹn, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, òkè òkun ló sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé "a ti gbọ́" lè jẹ́ ilẹ̀kùn tí a rọra tì kí àlejò má baà gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo bi ìyá aránṣọ pé kí ló dé tí kò fẹ́. Ìjẹ̀bú ló fi dá mi lóhùn, èmi ni mo kọ ọ́ báyìí kó lè yé gbogbo ènìyàn: "Mi ò ní mi ò fẹ́. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi nílé ìwòsàn. Òòyì ń kọ́ mi, wọ́n ń gbà á lọ. Mo ní kí ni wọ́n rí, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Òòyì yẹn ṣì ń kọ́ mi títí dòní. Ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi, kó sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún mi. Ìgbà yẹn ni màá tó mọ̀ bóyá màá gbà."

Lọ́jọ́ ìjókòó, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè láì dárúkọ rẹ̀. Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Oníròyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi dá iṣẹ́ dúró? Gbọ́, gbà, kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Àáfà ló dá a lóhùn. "Alága, bí ẹ bá rán alárinà lọ tọrọ ọmọbìnrin, tí bàbá ọmọ ní òun ti gbọ́, ṣé ẹ ó lọ ra aṣọ ìyàwó?"

Alága bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti gbọ́ tèmi rí. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀."

A pe olùkọ́ náà wọlé, a sì sọ ohun tí a rí fún un. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi lọ́sàn, mà," ló sọ fún mátírọ́ọ̀nù.

"Ọmọ mi, àlejò la ń fún lọ́sàn. Kì í ṣe àmì pé a gbà."

Ó bọ́ síta, a bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn. Mo ní kí ìwé tuntun ní ojú méjì, "Mo gbà" àti "N kò gbà," kí wọ́n sì sọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ohun tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dókítà kọ̀. Ó ní ta ni yóò ráyè máa ṣàlàyé fún ogójì ènìyàn?

"Èmi," ni mátírọ́ọ̀nù wí. "Kí ni mo tún ń fi ìfẹ̀yìntì ṣe?"

Alága ní ká na ọwọ́. Mẹ́fà ló kọ́kọ́ gòkè, dókítà sì na tirẹ̀ tẹ̀lé e. Nítorí ẹ̀rọ àyálò náà, a ò ní kí olùkọ́ dúró di ìjókòó oṣù tó ń bọ̀: lọ́yà àtèmi ni wọ́n ní ká yẹ ìwé tuntun wò láàárín ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ kẹta ló gbé e dé. A kò rí ohun tí a ó ní kó tún ṣe nínú rẹ̀.

Mo bá òun àti mátírọ́ọ̀nù lọ sí Ibefun. Lọ́tẹ̀ yìí, nínú gbọ̀ngàn ìlú, olùkọ́ jókòó láàárín àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ wọlé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi òun ní ìbéèrè. Wọ́n bi í débi tí òógùn fi bò ó.

"Ṣé ẹ ò ní tà á?"

"Rárá, mà."

"Bí mo bá yí ọkàn padà lọ́la ńkọ́?"

"Màá pa orúkọ yín rẹ́, mà. Ẹ ò ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún mi."

Ìyá aránṣọ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní kí wọ́n ka ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun yóò gbọ́ èsì. Wọ́n kà á. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ka sí "Mo gbà," ó sì na apá rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, mátírọ́ọ̀nù ti jókòó tì í nídìí máṣíìnì, ó ṣàlàyé fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé ìyẹn ló ń fa òòyì, ó sì sọ oògùn àti oúnjẹ tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ìyá aránṣọ gba ìwé èsì náà, ó fi han gbogbo ẹni tó wá ran aṣọ. Wọ́n dá ẹ̀rọ padà kí òjò tó rọ̀. Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ wa kò gba ìwé kankan tí kò ní ojú méjì, bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan tilẹ̀ kùn.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi ń yangàn jù kì í ṣe ti àwọn tó gbà. Lọ́jọ́ yẹn ní Ibefun, obìnrin mẹ́ta ló tẹ̀ka sí "N kò gbà." Ọ̀kan nínú wọn, ìyá ìbejì, tẹ̀ ẹ́ tán, ó sì dúró bí ẹni tó ń retí ìbáwí. Olùkọ́ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ibi tó yẹ.

"Ṣé ó parí náà nìyẹn?" obìnrin náà béèrè.

"Ó parí, mà. Ẹ ṣeun."

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì sẹ́yìn, ó fa èkejì lọ́wọ́. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà níta pé, "Ẹ wọlé, kò le. Mo kọ̀ ọ́ lójú wọn, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."