Ẹ̀yìn Bàbá Nínú Sinimá

Mo rántí ariwo òjò lórí páànù ilé ìpàdé àwọn ọ̀dọ́ ní Ṣábẹ̀, ní ìgbà fákáńsì ńlá àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo ilé ìwé ti padé. Nílé, mò ń dìde, mò ń jókòó, mò ń to bàtà ẹnu ọ̀nà, mo tún ń tú u ká, títí ìyàwó mi fi ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe kí ilé yìí lè sinmi." Nígbà tí àwọn tó ń ṣètò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà wá bẹ̀ mí pé kí n máa darí ìjíròrò lẹ́yìn sinimá kọ̀ọ̀kan, èmi kọ́ ni mo gbà. Ìyàwó mi ló bá mi gbà.

Wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ilé lè ṣókùnkùn lọ́sàn-án. Bí sinimá bá ti parí, wọ́n á ká aṣọ náà kúrò, ẹni tó ṣe é á jókòó síwájú, èmi á sì máa gbé míkírò káàkiri fún ẹni tó bá ní ìbéèrè. Mo máa ń túmọ̀ Faransé sí èdè wa, mo sì máa ń túmọ̀ èdè wa fún àwọn àlejò tó ti Kòtònú wá.

Ní ọ̀sán tí mò ń sọ yìí, ọmọbìnrin kan láti ìlú Kabua, tí mo ti kọ́ rí nílé ìwé, ló mú sinimá wá. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àgbẹ̀, ti rán an lọ kọ́ ìtọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n ọmọ náà fi ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà. Láti ìgbà náà ni bàbá kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Bó bá kúnlẹ̀ kí i, kì í dáhùn. Sinimá náà dá lórí ìyá rẹ̀ àti àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan gàrí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá Olùkọ́, màmá ti dé, bàbá ò tíì dé. Bí wọn ò bá wá, ta ni mo ṣe é fún?"

"Fọkàn balẹ̀," ni mo wí fún un, èmi tí ọkàn ara mi kò balẹ̀.

N kò lè sọ bí ìdajì àkọ́kọ́ sinimá náà ṣe rí, nítorí ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò. Òjò dé, ariwo páànù bo ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lójú aṣọ funfun tí sinimá ń hàn lórí rẹ̀. Ilẹ̀kùn sì ṣí, ìmọ́lẹ̀ wọlé, àwọn èèyàn ké pé, "Ẹ ti ilẹ̀kùn o!" Bàbá náà ló wọlé, omi ń kán lára fìlà rẹ̀, ó sì dúró mọ́ ògiri. N kò mọ̀ bóyá òjò ló gbé e wọlé tàbí ọmọ rẹ̀. Lójú aṣọ funfun náà, ọkùnrin kan ń lọ sóko, ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Ó ń jẹun, ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Ó ń pọ́n ọkọ́, ẹ̀yìn náà ni.

Òjò dá, sinimá parí, wọ́n ká aṣọ dúdú kúrò lójú fèrèsé. Bàbá náà nawọ́. Mo gbé míkírò lọ bá a, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Ohùn mi ò ṣàìsàn." Ó kí àwọn àgbà, ó kí àwọn obìnrin, ó kí àwọn àlejò. Kò kí ọmọ rẹ̀.

"Olùkọ́, ẹ bá mi bi ẹni tó ṣe sinimá yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀yìn mi nìkan ló yà. Ṣé ojú mi ò dára ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí ọmọ náà, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni pé odò ló wà láàárín wọn.

"Ó ti gbọ́ o, Olùkọ́!" ni obìnrin kan ké.

Mo mọ̀ pé ó gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, bàbá tó ń bínú kì í ṣàdédé fi ẹnu ara rẹ̀ pe ọmọ padà. Ẹnu ẹlòmíràn ló máa ń yá. Àlejò kan láti Kòtònú tẹ̀ mí lápá, ó bi mí ní Faransé pé èdè wo ni mò ń túmọ̀ sí èdè wo. Mo ní kó ní sùúrù.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, èmi ló sì ń wò. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ojú wọn dára. Wọn ò kọ ojú sí mi ni."

Mo gbé ìyẹn náà lọ bá bàbá. Bàbá wolẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bá ké láti àárín àwọn obìnrin pé, "Ẹ dáhùn, àbí òjò ti wọ̀ yín létí?"

"Olùkọ́," ni bàbá wí, "ẹ ní kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sóko lọ́la. Kó tètè dé o. Mi ò ní dúró de ẹni tó bá sùn jù."

Kí n tó yíjú, ọmọ náà ti dáhùn: "Mo gbọ́, bàbá."

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní òwe yìí, n kò sì mọ̀ nígbà náà pé ọwọ́ ọ̀tún náà lè jẹ́ ọwọ́ tí a yá. Lónìí, bí mo bá gba Kabua kọjá, mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti ẹ̀yìn ọgbà. Bàbá á ní oòrùn ti pọ̀ jù fún kámẹ́rà, ọmọ á ní kí wọ́n yéé wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń bá ara wọn jà tààrà. Èmi á sì dúró díẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ara mi á máa yún mi, bóyá wọ́n á nílò mi. Bàbá rí mi lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín: "Olùkọ́, ẹ máa lọ o, kò síṣẹ́ fún yín níbí." Mo bá ọ̀nà mi lọ, ariwo wọn sì sìn mí dé ojú títì.